Ojú Bàbá Sanad

Ife kọfí kejì ṣì wà lọ́wọ́ Ghanim nígbà tí Thani bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ tí yóò rán an.

"Bàbá Sanad," ni Thani wí, ó tẹjú mọ́ ìkòkò kọfí bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde wá, "omi òkun ti fà o. Ẹja tó há sínú ọgbà rẹ létí òkun ńkọ́? Ṣé kò ní í bàjẹ́ báyìí?"

"Ó lè bàjẹ́," ni Ghanim dáhùn.

"Ẹja sáfì kì í pẹ́ bàjẹ́."

"Kì í pẹ́."

Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì nínú yàrá náà. Ilé Thani ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri lórí ìrọ̀rí, kálukú ní àyè tirẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Tẹlifíṣọ̀n ńlá tí Thani rà nítorí ọjọ́ yìí ti ń tàn láti ọ̀sán. Àwọn ọmọ Bahrain fẹ́ gbá àṣekágbá Ife Gọ́ọ̀fù ní Doha, àwọn aládùúgbò ńlá tó wà ní òdìkejì afárá ni wọ́n sì fẹ́ kò lójú. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ ni Thani ń sọ. Ghanim náà mọ̀. Ó mi ife kékeré náà láàárín ìka rẹ̀, bí a ti ń ṣe kí onílé lè mọ̀ pé ó tó, kó má bu òmíràn sí i mọ́. Ó gbé e fún Thani, ó sì lọ wá sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ bá wa mú èyí tó sanra bọ̀ o!" ni ẹnì kan ké tẹ̀lé e. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń lé e. Ta ló fẹ́ la ẹnu sọ fún àgbàlagbà ní ìlú Muharraq pé kó dìde kó máa lọ? Iṣẹ́ ni wọ́n ń rán an, òun náà á sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni tí kò fura.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ku eré kan ṣoṣo kí Bahrain lọ sí Ife Àgbáyé. Orí pápá ilé wa níbí la ti gbá a, Ghanim sì wà níbẹ̀. Ọ̀mì tí kò ní góòlù ti tó wa. Nígbà ìsinmi, Ghanim jáde lọ ṣe àlùwàlá. Bó ṣe padà tó fìdí kalẹ̀ báyìí ni àlejò kan fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ta ló ní kí baba yìí padà wá?" Wọ́n fi ìyẹn ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, a tún dé ẹnu ọ̀nà kan náà, wọ́n sì jọ ń wò ó nílé Thani. Ghanim ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé, "Alihamudulilahi, ó ń lọ dáadáa," ni wọ́n bá gbá a sí wa láwọ̀n. Àwàdà di òótọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí eré mìíràn dé, Thani gbójú sí ìkòkò kọfí, ó ní omi òkun ti fà.

Ghanim kò bá a jà. Ìlú tó kéré tó báyìí, tí wọ́n ń ṣẹ́gun rẹ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ kí ẹnì kan gbé ẹ̀bi náà rù, òun sì ní èjìká. Ohun tó dùn ún ni ti àárọ̀ ọjọ́ yìí. Sanad, ọmọ rẹ̀, ti wà ní pápákọ̀ òfúrufú, ariwo àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù gba gbogbo etí fóònù.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó."

"Ìwọ náà, Sanad?"

"Ẹ ṣáà ṣèlérí fún mi, Bàbá. Kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Ó ṣèlérí. Ọ̀rọ̀ Thani kò dùn ún tó ìyẹn rí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, gbogbo ohun tó sì ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni kí òun fi ojú ara òun rí ọjọ́ kan tí Bahrain gbé ife. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ó yà sílé mú agbọ̀n. Lulwa, ìyàwó rẹ̀, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n tún ti rán yín níṣẹ́?"

"Ẹja ni mo fẹ́ lọ kó."

"Ẹja! Ti àná ńkọ́ nínú firíìjì?" Ó fi aṣọ òtútù sí i léjìká. "Èmi tí mò ń wò ó ní gbogbo ìgbà ńkọ́? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó fi ojú tèmi bú mi? Ẹ máa lọ. Ẹ rọra rìn nínú ẹrẹ̀."

Ọgbà ẹja rẹ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé bí omi bá ti fà: igi àti wáyà tí a tò yípo, tí ẹja máa ń bá omi wọ̀, tí kò sì ní í rí ọ̀nà jáde mọ́. Ghanim ká jalabíà rẹ̀ sókè, ó so ó mọ́ ìdí, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì wọnú ẹrẹ̀ lọ. Oṣù Kejìlá ni, omi tutù débi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ìlú dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ lójú pópó. Ó dà bí àsìkò ààwẹ̀, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, tí gbogbo ilé ti jókòó ti oúnjẹ tí wọn kò tíì lè fọwọ́ kàn.

Ó ń ṣa ẹja, ọkàn rẹ̀ sì lọ sí ìgbà èwe. Orí erékùṣù yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá Ife Gọ́ọ̀fù. Òun àti Thani kò tíì hu irùngbọ̀n dáadáa nígbà náà, orí ọkọ̀ akẹ́rù kan ni wọ́n dúró lé kí wọ́n lè rí pápá. Wọ́n pariwo títí ohùn wọn fi há. Ife náà bọ́ sọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì sọ fún ara wọn pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀ fún ìwọ̀n àádọ́ta ọdún. Àwa la se àsè, àwọn ẹlòmíràn ló ń jẹ ẹran. Síbẹ̀ Thani kò yé sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ìgbà náà ni ìlú bú.

Ariwo náà jáde láti gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gba orí omi kọjá. Ghanim dúró ṣánṣán. Ariwo ìjákulẹ̀ kì í ròkè bẹ́ẹ̀. Ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sómi, kò wò ó. Ó rẹ́rìn-ín sókè, òun nìkan, omi sì dà lójú rẹ̀. Ó wá rántí ara rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn pátápátá sí ìlú, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni góòlù wà, kí ojú òun má lọ bà á jẹ́.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Iná kékeré kan ń mì bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Thani ni, tòun ti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, fóònù lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹ.

"Thani! Ta lo fi àlejò rẹ sílẹ̀ fún?"

"Wọ́n mọ ibi tí kọfí wà."

"Orí rẹ ti dàrú. Padà sílé! Ṣé àwa la wà lókè?"

"Àwa ni. Ẹyọ kan sí òdo." Thani di igi ọgbà mú kó má bàa ṣubú. "Nígbà tó wọlé, gbogbo wa fò sókè. Mo na ọwọ́ òsì kí n gbá ẹ nítan, bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Ìrọ̀rí ni mo gbá. Ghanim, ayọ̀ náà kò dùn lẹ́nu mi."

Ó ti pẹ́ tí Thani ti pè é lórúkọ gbẹ̀yìn.

"Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ni Ghanim sọ.

"Èmi ni. Ó sàn fún mi kó jẹ́ ojú rẹ ju kó jẹ́ pé a ò mọ̀ ọ́n gbá lọ." Ó fa imú rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rán ẹ wá síbí, èwo la borí níbẹ̀ tó jọ nǹkan? Ẹja lò ń wò nígbà tí wọ́n ń nà wá."

Ghanim ronú títí. Kò rí ọ̀kankan.

"Wá bá mi wò ó," ni Thani wí. "Mo gbàgbé gíláàsì mi sílé. Àwọn èèrà lásán ni mò ń rí nínú nǹkan yìí."

"Mo ti ṣèlérí fún Sanad."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Thani bú u, ó pè é ní olóríkunkun, lẹ́yìn náà ló gbé fóònù súnmọ́ imú ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. "Wọ́n ti gbà á... rárá, àwa la gbà á. Ẹnì kan ṣubú. Tiwa ni àbí tiwọn? Wọ́n ń bá rẹfirí jiyàn... Ghanim, ta ló ń wọ pupa?"

"Àwa ni, ìwọ ọkùnrin yìí! Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹ!"

"Ó dáa, ẹni tó wọ funfun ló ní i. Ó ń bọ̀. Yéè, wọ́n ń bọ̀ púpọ̀..."

Ìlú tún bú. Èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dákẹ́ mọ́. Ìró fèrè ọkọ̀ gba gbogbo àdúgbò, àwọn obìnrin ń ké igbe ayọ̀ láti orí òrùlé, ẹnì kan sì ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run. Thani gbójú sókè, ó tún wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe wọ́n? Wọ́n ṣì ń gbá a níbí."

Ghanim ló kọ́kọ́ yé. Àwòrán inú fóònù ń rìn lẹ́yìn ti tẹlifíṣọ̀n.

"Ó ti parí," ni ó sọ jẹ́jẹ́. "Thani, a ti gbà á. Mú un wá."

Ó gba fóònù náà, ó sì wò ó. Àwọn aláṣọ funfun ń bọ̀ bí omi tó ń kún, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sókè níwájú àwọ̀n wa. Ní ọjọ́ mìíràn, Ghanim ì bá ti dijú. Ó la ojú sílẹ̀ kedere.

"Máa sọ ọ́ fún mi," ni Thani bẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n fẹ́ fi orí kàn án. Tiwa ti fi orí gbá a síta. Ó tún padà. Wọ́n gbá a... aṣọ́lé wa ti mú un, ó dì í mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. A ti gba ife náà ní Doha, eré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tíì parí. Bó ṣe wù kí òun tẹjú mọ́ ọn tó, kò sí ohun tí ojú òun lè fi kún un tàbí yọ kúrò. Ní pápá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn náà, bọ́ọ̀lù ti kúrò lórí ẹni tó kàn án kí òun tó rí i. "Wọ́n ti fọn fèrè. Thani, gbogbo tiwa ti forí kanlẹ̀, wọ́n ń sunkún."

Thani di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn arúgbó méjèèjì dúró nínú omi tútù, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé.

Fóònù Ghanim dún nígbà tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ létí òkun.

"Bàbá! Ẹ ṣeun o! Ẹ ò wò ó, àbí?"

"Mo wò ó."

"Bàbá!"

"Lẹ́yìn tó parí ni mo wò ó. Sanad, gbọ́. Nígbà mìíràn, èmi àti ìwọ la jọ máa lọ."

Ariwo Doha nìkan ló kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà ohùn ọmọ rẹ̀ tún dé, ó ti rọ̀. "A jọ máa lọ ni, Bàbá. Ẹ máa bínú sí mi."

"Ẹ máà bínú lo fẹ́ sọ," ni Ghanim wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ayọ̀ ti pa ẹ́. Lọ sinmi."

Nígbà tí wọ́n wọlé Thani, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ títí dé itan, gbogbo ilé dìde fún wọn. Ẹni tó ké tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan béèrè pé, "Ẹja dà?"

"Kò sí ẹja, a gbàgbé agbọ̀n sínú ọgbà," ni Thani dáhùn. Ó gbé ìkòkò kọfí, ó sì bu fún Ghanim ṣáájú gbogbo wọn. Ghanim jókòó sí àyè rẹ̀, ó mu ún tán, ó na ife náà padà sí i, kò sì mì í.