Àmì Tí Ìyá Yìnyín Bá Wọn Fi Sí Fọ́ọ̀mù

Láti àárọ̀ ni àyà Ìyá Yìnyín ti ń já. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn sínú fìrísà ní ilé ìwádìí, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ náà. Ìwé kan ló dé látọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní nínú ẹ̀jẹ̀ táwọn obìnrin fi sílẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn rí ẹnì kan tó jogún àbùkù tó máa ń fa jẹjẹrẹ ọmú. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ, kò sí orúkọ. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé: "Ó ní òun ò fẹ́ mọ̀. Ẹ má sọ fún un."

Ó ní kẹ̀? Ta ló bi í?

N ò ní purọ́ fún yín, Ìyá Yìnyín ló bá a sọ ọ́. Ogójì obìnrin ló tò lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n, ebi ń pa á. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù: bá a bá rí àìsàn nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ṣé ká sọ fún yín? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di dandan kó tún kọ ọ̀rọ̀ kún ojú ìwé mẹ́ta. Ìyá Yìnyín bá mú bírò, ó fàmì sí "rárá" fún gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ ṣáà buwọ́ lù ú níbí." Wọ́n ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ta ló ń rántí ẹ̀sọ̀ nígbà tí ebi ń pani? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gan-an wà lórí ìlà. Ìyá Yìnyín ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, kí iye wọn lè pé.

Ó gbọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Ọwọ́ ọ̀gá ni ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà, nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹni tó ni nọ́ńbà yìí."

"Ẹni tó ní òun ò fẹ́ mọ̀, a kì í wá a kiri."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Èmi ni mo fàmì sí i."

Ọ̀gá bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Tiẹ̀ nìkan?"

"Ti gbogbo ogójì."

Ọ̀gá ò pariwo, ìyẹn ló tún wá dẹ́rù bà á jù. Ó ní ẹ̀jẹ̀ téèyàn ò fi òye yọ̀ǹda, òfin ò jẹ́ kó jẹ́ tàwọn mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ da gbogbo rẹ̀ nù, kí wọ́n sì sun ìwé orúkọ náà láì ṣí i.

"Ẹ kọ́kọ́ ṣí i ná!"

"Pẹ̀lú àṣẹ ta ni?"

"Ẹnì kan lè kú o, ọ̀gá!"

"Mo mọ̀. Ìwé ẹnu ọ̀nà ṣì wà, orúkọ àwọn ogójì tó wá lọ́jọ́ yẹn wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn nílé níkọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún wọn, kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò."

Ilé ogójì! Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sí, torí ó rò pé ẹni ẹni kò ní bú òun jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rán aṣọ iléèwé lọ́wọ́. Ìyá Yìnyín ò tiẹ̀ jókòó, ìdúró ló ti ro gbogbo rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ó lè má jẹ́ ẹ̀yin o, ẹ ṣáà lọ yẹ ara yín wò."

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lórí maṣíìnì. Ó gbọ́wọ́ lé àyà lápá òsì.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fọwọ́ kan kókó kan níbí," ó ní. "Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ṣáà wà lọ́dọ̀ àbúrò mi. Tó bá jẹ́ nǹkan burúkú ni, á ti sọ fún mi."