Aláròyé Kò Gba Abẹ́rẹ́

Àwọn àgùntàn mi ni kúrúnà mú, kì í ṣe èmi, ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn ṣe ń yẹra fún mi, ẹ ó rò pé ara tèmi gan-an ló ń yún. Kò sẹ́ni tó ń yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Àna mi, ẹ̀gbọ́n olóògbé ìyàwó mi, tí a jọ ń da ẹran sí pápá kan náà, fi ṣéènì ti géètì pápá. Ó ní òun ò ní ṣí i títí dókítà ẹran yóò fi sọ pé ara ẹran mi ti mọ́. Bí mi ò bá sì rí pápá yẹn lò, ebi ni yóò pa wọ́n kí òjò tó dé.

Dókítà ẹran wá. Obìnrin ni, mo tó bí i lọ́mọ dáadáa, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò tín-ín-tín kan tí ojú lásán ò lè rí ló ń jẹ wọ́n lára, tí wọ́n fi ń ha ara mọ́ igi ọgbà títí irun fi ń já bọ́. Ó ní gbogbo agbo la máa gún lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà, a ó tún wọn gún lẹ́yìn ọjọ́ méje, a ó sì kó wọn kúrò nínú ọgbà àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí pé kòkòrò náà lè sá pamọ́ sára igi. Ó bi mí pé mélòó ni wọ́n. Mo ní mẹ́tàlélógún. Mẹ́tàlélógún náà la gún, èmi ni mo di wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Mi ò ka Aláròyé mọ́ wọn. Ẹ má bínú sí mi. Ìyàwó mi ló fi ìgò wàrà tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, òun náà ló sọ ọ́ lórúkọ, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Lọ́sàn-án, ó máa ń bá àwọn yòókù jẹko, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ilé ìdáná mi ló ń bọ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Màá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, òun á ní "bẹ́ẹ̀ẹ̀." Kò ta kò mí rí, ibẹ̀ nìkan ló ti yàtọ̀ sí ìyàwó mi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé àgùntàn lẹ ó pè é?

Lẹ́yìn oṣù kan, àwọn ẹran mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara. Mo gbaná jẹ. Mo lọ bá àna mi nídìí géètì, mo ní ẹran tirẹ̀ ló ń kó o ran tèmi láti ara wáyà ọgbà. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ọkọ àbúrò mi," ó ní, "kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ lọ wo ilé yín."

Mo sọ̀rọ̀ sí i tí kò yẹ kéèyàn sọ sí àna, mo sì bá tèmi lọ.

Dókítà tún padà wá. Ó wọ ilé ìdáná láti fọwọ́, ó bá Aláròyé níbi tó ti ń ha ìhà rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó bi mí pé ṣé eléyìí gba abẹ́rẹ́. Mo ní kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe, ṣebí inú ilé ló ń gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí etí Aláròyé hàn mí. Èépá ti bo gbogbo inú rẹ̀.

"Bàbá, kòkòrò yìí ò mọ ẹran ilé yàtọ̀ sí ẹran ìta," ó ní. "Eléyìí ló ń gbé e lọ bá wọn láràárọ̀. A máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, òun náà á sì máa gbé lọ́dọ̀ wọn títí ara gbogbo wọn á fi dá."

"Tó bá lọ, ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀?"

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ojú tì mí, àgbàlagbà bíi tèmi. Dókítà fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó ní kí n di orí rẹ̀ mú dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bẹ àna mi. Ó ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò tú ṣéènì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Aláròyé fi dúró létí wáyà ọgbà tuntun, tó ń ké síhà ilé. Mò ń gbọ́ ọ láti orí àga mi. Màá yí rédíò sókè, màá tún yí i wálẹ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ fún kẹ́tùlù, kẹ́tùlù ò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó dákẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, dókítà ha èépo ara wọn díẹ̀díẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kò sí kòkòrò kankan mọ́. Irun tuntun ti ń hù lára wọn. Àna mi tú ṣéènì fúnra rẹ̀, ó béèrè ilé, mo ní àlàáfíà ni. Gbogbo ẹran náà rọ́ wọ inú koríko.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀, mo lọ pe Aláròyé. Ó gbé orí sókè. Ó mọ ohùn mi, mo rí i lójú rẹ̀. Ó jẹ koríko tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó yí padà, ó lọ dùbúlẹ̀ láàrin àwọn yòókù, ó sì gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn. Okùn wà lọ́wọ́ mi, mo lè fi fà á wálé. Mi ò fà á. Mo padà wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn, torí kò sẹ́ni tó ń bọ̀.