Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Orúkọ Mi

Mo lọ wá iṣẹ́ ìjọba n'Íkẹjà. Èrò kún iwájú ọ́fíìsì náà débi pé eèrà ò ráyè kọjá. Shuaib, tí a ti jọ ń ta dáráfù l'Ọ́gbà fún ọdún mẹ́jọ, sìn mí lọ, ó gbé pátákó dáráfù wa dání.

Bí a ṣe ń dúró kí wọ́n pè mí, a tẹ́ pátákó náà sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ta, mo sì nà án lẹ́ẹ̀mẹfà. Wọ́n á gbọ́ ariwo mi ní Sókótó: “Ọ̀dẹ̀! Lọ bá ìyá ẹ fọ abọ́!”

Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Bọ́ǹbù, wọ́n pe Gbọ́láhàn Oyèdìran kan títí ó fi sú wọn. Ọ̀lẹ ni bọ̀bọ́ yẹn o.”

Èmi ni. Bọ́ǹbù nìkan ni wọ́n ń pè mí nídìí dáráfù, mi ò sì sọ orúkọ mi fún un rí.

Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé ní, “Ẹ má bínú, a ti parí.”