Awò Ìbọn Tí Volker Gbé Bọ̀

"Ẹ ṣí i fún mi, Ọ̀gbẹ́ni Rehbein."

Ottmar Rehbein tẹ nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ lára kọ́bọ́ọ̀dù irin tó ń kó ìbọn rẹ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójijì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó wà nínú ẹ̀ ni.

Obìnrin tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́ ni Silke Teschner, láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn ní agbègbè wọn. Kò sí ọdẹ kan ní abúlé Wendelrode tí kò mọ̀ pé wọ́n lè kanlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́kọ́jọ́ láìránṣẹ́ ṣáájú, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bó o ṣe ń tọ́jú ìbọn rẹ. Ìyẹn ò bí Ottmar nínú. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun lòun kọ́ ọmọbìnrin yìí ní òfin ìbọn, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn tó ń múra fún ìdánwò láísẹ́nsì ọdẹ. Láti ìgbà náà, Ottmar ló ń pè é, torí orúkọ làwọn ọdẹ ibẹ̀ ń pe ara wọn, àtọmọdé àtàgbà. Lónìí, ó ti di Ọ̀gbẹ́ni Rehbein.

"Àbí ẹ ò rántí nọ́ńbà yín mọ́ ni?"

"Mo rántí ẹ̀, Silke. Dúró ná."

Nídìí tábìlì ilé ìdáná, Volker àbúrò rẹ̀ ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gbé Texas. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, Ọjọ́bọ̀ ló sì ń padà. "Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn yìí!" ó ké sí wọn. "Lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ wọlé mi wá ka ìbọn mi, kó yáa ti pín ogún ẹ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀ kó tó kúrò nílé."

"Jẹ oúnjẹ ẹ, Volker," Ottmar dá a lóhùn.

Ká má purọ́, Volker yìí ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìmàdò ti tẹ oko àgbàdo abúlé náà mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ lọ́dún yìí. Igbó tí Ottmar ń dẹ, bàbá wọn ló kọ́kọ́ gbà á háyà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ọdún mọ́kànlélógójì rèé, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ tún ìwé àdéhùn ẹ̀ kọ. Ẹni tó gba igbó ló gba ìmàdò inú ẹ̀: bí kò bá pa á, òun ni yóò san àgbàdo tó jẹ fáwọn àgbẹ̀. Awò bàbá wọn ló ṣì wà lórí ìbọn Ottmar, awò gígùn kan tí ojú ẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ife, tí wọ́n ṣe kó lè gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí òṣùpá bá fún un. Awò gidi ni. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ń gbà á wo igbó, ojú náà sì ti ń ṣe bàìbàì.

Ọjọ́ tí Volker dé ló tú àpótí rẹ̀, tó fa awò kan yọ láàárín súwẹ́tà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ti bàbá yẹn jù síbì kan jàre. Ooru ara ẹran lèyí ń rí. Bó ṣókùnkùn birimù-birimù, ẹ óò máa rí ìmàdò ni, funfun báláú."

"Èèwọ̀ ni níbí."

"Èèwọ̀ kẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á, wọ́n tò ó síbi tí bàtà wà. Ẹnì kan ò bi mí pé ta ni mí. Wákàtí tó bá wù wá la ń yìnbọn fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó lọ́dọ̀ wa. Àwọn mìíràn ń gun hẹlikópítà pa á!"

Èèwọ̀ ni lóòótọ́. Irú èyí tí wọ́n ń so síwájú awò lásán, òfin ti gbà á fún ìmàdò. Ṣùgbọ́n irú èyí tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ awò, kó o kàn ní in nílé ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Ta ló tún máa sọ ìyẹn fún Ottmar, tó jẹ́ pé òun ló ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn? Ó ní kí Volker gbé e padà sí Texas. Volker ní kò burú, ó sì fi awò náà sílẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni fi ìwé ìròyìn sílẹ̀.

Ibi tó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn ì bá jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí kó wé e mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ta ni ì bá rí i? Kọ́bọ́ọ̀dù ìbọn nìkan ni Silke láṣẹ láti wò. Ṣùgbọ́n Ottmar, baba olófin! Ogún ọdún ló fi ń sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ìbọn, inú irin ni kó wà. Kò yin ìbọn kankan pẹ̀lú awò náà rí. Ó gbé èèwọ̀, ó sì tọ́jú ẹ̀ lọ́nà òfin. Ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ìbọn, ó fa ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú èyí?

Ó tẹ àwọn nọ́ńbà tó kù. Silke ka nọ́ńbà ara ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń fi bírò sàmì sí fáìlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé awò náà, ó yí i, ó tún un yí. Kò béèrè ohun tó jẹ́.

"Ottmar," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe tiyín."

Ottmar wo ilé ìdáná. Ọ̀bẹ ti dúró lórí búrẹ́dì. Bí Volker bá ní òun lòun mú un wọ̀lú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, bóyá kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e, kí ọkọ̀ òfuurufú Ọjọ́bọ̀ fi í sílẹ̀ lọ. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, láísẹ́nsì ọdẹ Ottmar lọ, ìbọn lọ, igbó bàbá wọn náà lọ, nítorí igbó kì í dúró lọ́wọ́ ẹni tí kò ní láísẹ́nsì. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sí i lára," Silke sọ, ó sì kọjú sí Volker.

Volker mu kọfí. "Ẹ má wò mí o. Àlejò lèmi. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ni wọn kì í tà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ottmar lára ṣinṣin. Ọmọ ìyá rẹ̀! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó la ẹnu láti sọ ọ́ bó ṣe rí, ó sì pa á dé. Ta ló tì í sínú irin? Ta ló mọ nọ́ńbà ẹ̀?

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó sọ fún Silke. "Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi lo ti bá a."

Silke kọ ọ́, kò gbójú sókè. Ó pe ọlọ́pàá. Kó tó di aago mẹ́wàá, wọ́n ti kó ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, awò bàbá sì wà lórí ọ̀kan níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Silke ní, "Ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ ṣàlàyé bó ṣe jẹ́."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní èsì tí ẹ máa fi fún lẹ́tà náà," Ottmar wí.

Ó tẹ alága àwọn onílẹ̀ láago, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún igbó náà, kó má di pé ẹnu ọ̀tọ̀ ni wọn óò ti gbọ́ ọ. Volker dúró títí ó fi parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ní í kó irú ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tíjọba ń yẹ̀ wò? Ẹ bínú sí mi ni? Ẹ wá bá mi ní Texas, ẹ óò yìnbọn títí ọwọ́ á fi ro yín. Ẹ óò ṣì gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àbí?"

"Ọkọ̀ ojú irin kan wà ní aago méjì ọ̀sán," Ottmar sọ. "Òní ni mò ń wí."

Volker rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣàwàdà. Ottmar ti wọ yàrá àlejò lọ, ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń to etí ẹ̀ gún régé.