Ojú Tí Gọ̀mbọ́ Bò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ-ọmọ yangàn, Àbẹ̀kẹ́ aláṣọ òfì ní ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́, ni kí ẹ lọ bá lọ́dún 1988. Kí ẹ tó jókòó, kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ kankan, ẹ ó ti gbọ́ pé Ràódàt, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀, wà ní yunifásítì, pé kirimínọ́lọ́jì ló ń kọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ọ̀daràn ni, ohun tó ń sọ èèyàn di ọ̀daràn, bí ọlọ́pàá ṣe ń mú wọn àti bí adájọ́ ṣe ń dá ẹjọ́ wọn. Á wá tún gèlè rẹ̀ ṣe, á ní òun náà ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, torí òun ti mú olè rí.

Olè tó ní òun mú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ dá lé.

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn ọ̀hún ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ti lé lọ́dún kan nígbà náà. Ìyá Àgbà, bí Ràódàt ṣe ń pe Àbẹ̀kẹ́, jí lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ìdájí, ló bá ṣe kòńgẹ́ ọkùnrin kan tó ń ti inú ìsọ̀ náà jáde, ìdì òfì lórí rẹ̀. Ojú ko ojú, ọkùnrin náà sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bi Ìyá Àgbà pé báwo ni ó ṣe rí, ó ní gọ̀mbọ́ ló wà lójú rẹ̀, ilà wẹ́wẹ́ tó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, irú èyí tí wọ́n ń kọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti mú ọ̀dọ́kùnrin kan ní gáréèjì. Mashood lórúkọ rẹ̀, télọ̀ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òwú àti bọ́tìnnì lòun wá rà. Wọn ò bá òfì kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gọ̀mbọ́ wà lójú rẹ̀. Wọ́n tò ó mọ́ àwọn ọkùnrin mìíràn, wọ́n ní kí Ìyá Àgbà nàka sí olè, ó sì nàka sí Mashood láìṣiyèméjì. Ní kóòtù, ó fi Àlùkùránì búra, ó tún nàka sí i. Adájọ́ fi ọmọ náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Ràódàt fẹ́ràn ìtàn yìí. Òun gan-an ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní họ́sítẹ̀lì. Láti kékeré tí ìyá rẹ̀ ti kú, Ìyá Àgbà ló tọ́ ọ, owó òfì ló fi rán an níwèé, kò sì sí ẹni tí ọmọ náà fẹ́ràn tó o láyé. Bí àwọn aláṣọ bá ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Akẹ̀sán, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe Àbẹ̀kẹ́ wá, pé òun kì í purọ́. Ohun tó bá sọ, abẹ́ gé e.

Àfi ọjọ́ tí Dókítà Olúyẹmí, olùkọ́ wọn, ń kọ́ wọn nípa ẹlẹ́rìí. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan já wọ inú kíláàsì, ó gbé báàgì olùkọ́ lórí tábìlì, ó sì sá jáde. Kíláàsì dàrú. Dókítà Olúyẹmí bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun lòun rán an níṣẹ́, kí kálukú kọ bí ọkùnrin náà ṣe rí sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ná. Gbogbo wọn pátá ló kọ ọ́ pé ó ní pélé lójú. Ẹni tó lè sọ bóyá ó ga tàbí ó kúrú, bóyá ó dá irùngbọ̀n sí tàbí kò dá a sí, wọn ò rí. Olùkọ́ wá mú àwọn ọkùnrin mélòó kan wọlé, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ní pélé. Ràódàt ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ó ní òun mọ olè náà, oní-pélé yìí ni, pé ó dá òun lójú bí àdá. Dókítà Olúyẹmí ní kì í ṣe òun. Ẹni tó gbé báàgì ṣì wà níta, pélé tirẹ̀ lójú rẹ̀. Ó wá là á yé wọn pé ohun tó bá yàtọ̀ lára èèyàn ni ojú máa ń di mú, tí yóò sì gbàgbé ìyókù.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun ò gbọ́ tiwọn. Ìtàn olè Akẹ̀sán ló sọ sí i lọ́kàn. Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí Ìyá Àgbà máa ń fi dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Á ní nígbà tí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò tilẹ̀ ṣòro fún òun rárá, torí pé Mashood nìkan ló ní gọ̀mbọ́ láàárín wọn.

Lẹ́yìn kíláàsì, ó lọ bá olùkọ́, ó rò fún un látòkè délẹ̀. Dókítà Olúyẹmí ò bá a wí, kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní lọ́yà kan wà ní Ìbàdàn tó ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ò lè ká a àyàfi tí ẹlẹ́rìí bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú adájọ́ pé kò dá òun lójú mọ́. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni gbogbo rẹ̀ kù sí.

Ẹ wo irú wàhálà tó bá ọmọ yìí. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á máa jìyà lọ lẹ́wọ̀n. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, tó fọwọ́ lé Àlùkùránì níṣojú gbogbo ayé, òun ni yóò dojú kọ láti sọ fún pé ó ti ran aláìṣẹ̀ lẹ́wọ̀n. Èyí ló ń rò nínú mọ́tò títí tó fi sọ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà tí wọ́n gba ìsinmi.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò lè sọ ọ́. Bí ó bá ti fẹ́ lanu, Ìyá Àgbà á mú ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, á fi sínú àwo rẹ̀, á ní wọn ò fún un lóúnjẹ ní yunifásítì ni ó ṣe rù bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú ẹran lẹ́nu? Nígbà tó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọjà dá, wọ́n jọ ń ká òfì nínú ìsọ̀, Ràódàt di etí kan mú, Ìyá Àgbà di èkejì mú, ló bá ní kí wọ́n tún ìtàn olè náà sọ fún òun. Inú ìyá arúgbó dùn, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ojú ti ko ojú, Ràódàt rọra bi í pé báwo ni imú ọkùnrin náà ṣe rí. Ìyá Àgbà ní imú tí gbogbo èèyàn ń ní náà ni. Ó bi í bóyá ó sanra, bóyá ó dàgbà. Ìyá Àgbà ní ṣé etí rẹ̀ di ni, gọ̀mbọ́ lòun wí, gọ̀mbọ́. Ràódàt bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì fún un, bí òun alára ṣe nàka sí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àti bó ṣe dá òun lójú tó.

Ìyá Àgbà fi oríkì pe ọmọ náà.

"Àṣàbí, ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò purọ́, Ìyá. Ohun tí ojú yín rí lẹ sọ. Bóyá ohun tó rí ni kò tó."

Ìyá Àgbà gba etí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a ká tán. Ní gbogbo ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì rẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ pé ó fẹ́ rán an níṣẹ́, kò dá sí i. Ó dun Ràódàt dé egungun. Ó rò pé òun ti fi ìwé kíkà ba ohun tó wà láàárín òun àti ìyá àgbà òun jẹ́, ó wọ yàrá lọ, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n kírun tán tí Ìyá Àgbà fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti múra. Ó ní kí ó wọ bàtà, Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn ń lọ. Ó ti gbọ́ ọ ní kóòtù lọ́jọ́ náà pé ìyá Mashood ń ta ìgò òfìfo nítòsí Takie. Ó ní òun fẹ́ fojú rí ilé tí ọmọ náà ti jáde wá, pé bí wọ́n bá jẹ́ olè, òun á mọ̀ wọ́n. Ẹ má dá a lóhùn jàre, ẹ̀rù ló ń bà á. Nínú mọ́tò, kí wọ́n tó dé, ó ti nawọ́ mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi sọ̀.

Ní Takie, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bi ló júwe ilé Ìyá Onígò fún wọn. Wọ́n da ìgò tí wọ́n ti fọ̀ dé sójú oòrùn káàkiri àgbàlá. Ọkùnrin kan jókòó lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bó ti gbójú sókè ni Ìyá Àgbà dúró gbagidi, ó di apá Ràódàt mú gírígírí.

"Òun nìyẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ti tú u sílẹ̀. Òun ni mo rí."

Lóòótọ́ ni gọ̀mbọ́ wà lójú ọkùnrin náà. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá arúgbó, ó ní òun ń jẹ́ Olúgbénga, tíṣà ni òun, yàrá lòun háyà nínú ilé náà. Ó wá ké sí Ìyá Mashood pé àlejò dé. Ìyá Àgbà wo ojú Ràódàt. Ràódàt fi ọwọ́ rẹ̀ bo ọwọ́ tó di apá òun mú.

Obìnrin tó jáde sí wọn rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi ìgò. Kò tíì bi wọ́n pé ta ni wọ́n tó fi tẹ́ ẹní fún wọn nínú ilé, tó bu omi fún wọn, tó kí wọn kú ìrìn. Fọ́tò ọ̀dọ́kùnrin kan wà lára ògiri, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ń wá ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ló bá ní ta ni arẹwà ọkùnrin yìí.

"Mashood ọmọ mi ni," ni obìnrin náà wí. "Òun ni wọ́n mú ní Ọ̀yọ́ ọjọ́sí."

Ìyá arúgbó dìde lórí ẹní, ó rọra kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú obìnrin tí ó tó bí lọ́mọ.

"Èmi ni Àbẹ̀kẹ́ aláṣọ òfì. Èmi ni mo nàka sí i."

Ràódàt ń retí kí Ìyá Mashood figbe ta, kí ó lé wọn jáde, kí ó da omi tí wọ́n mu kù sí wọn lára, kò sì ní dá a lẹ́bi. Nínú gbogbo ìwé tó ti kà nípa ọ̀daràn àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sọ ohun tí èèyàn ń ṣe níbi tí wọ́n dé yìí. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn.

Nígbà tí obìnrin náà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ yìí ò jẹ́ kí n lè wá. Ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ṣé ó sunkún? Bí mo bá bi í, ẹ̀rín ló máa ń rín sí mi."

Ìyá Àgbà dá a lóhùn.

"N ò mọ̀. N ò wo ojú rẹ̀. Ilà rẹ̀ ni mo wò."

Ìyá Mashood dìde. Ó tiro lọ sí ìdí ògiri, ó yọ fọ́tò náà lórí ìṣó, ó fi etí ìró nu eruku ojú rẹ̀, ó sì gbé e lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n wò ó báyìí.

Ìyá Àgbà wò ó. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. Ó ní etí rẹ̀ tóbi. Ìyá Mashood ní etí bàbá rẹ̀ ni. Ó ní eyín rẹ̀ kan gun èkejì. Ìyá Mashood ní láti kékeré ni, pé ó máa ń fi ọwọ́ bò ó tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ tó ya fọ́tò yìí nìkan ló gbàgbé. Omi ti ń dà lójú àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó nù ún.

"N ò mọ ẹni tí mo rí lọ́jà lọ́jọ́ náà," ni Ìyá Àgbà wí. "N ò lè sọ mọ́ pé ọmọ yín ni. Ibi tí mo ti búra lákọ̀ọ́kọ́ ni n ó padà lọ sọ ọ́, níwájú adájọ́, kí gbogbo Akẹ̀sán gbọ́. Ọmọ mi yìí ló máa mú mi lọ bá lọ́yà."

Ìyá Mashood fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ náà, òun nìkan ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe olè, títí kan òru tí òun alára ò fẹ́ gbà á gbọ́ mọ́.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ìyá Àgbà tún un sọ.