Ẹ̀rọ Tó Mọ̀ Pé Mowe Lòun Wà

"Ìyàwó, wá dúpẹ́," ni Bọ̀dá Adébánjí wí, ó sì fọwọ́ lu àpótí dúdú tó gbé ka orí tábìlì Morádéyọ̀. "Ọpọlọ mẹ́rìndínlógún ló wà nínú purosẹ́sọ̀ yìí. Ibi iṣẹ́ wa l'Ékòó ni mo ti gbà á. Ó ti di tìẹ."

Morádéyọ̀ kò tíì kúnlẹ̀. Ó ń wo àpótí ọ̀hún bí ẹni ń wo àlejò tó gbé ẹrù wá.

Iṣẹ́ fídíò ni Morádéyọ̀ ń ṣe ní Mowe. Ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí àwọn àgbà, gbogbo rẹ̀ ló ń yà, kì í sì í pa ọ̀kan rẹ́. Inú sáfà, kọ̀ǹpútà ìpamọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnfátà ní pálọ̀, ló ń tọ́jú wọn sí, torí ó mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, ọmọ kan yóò wá béèrè ohùn ìyá rẹ̀. Purosẹ́sọ̀ ló ń darí sáfà, èyí tó wà níbẹ̀ sì ti ń kú lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń lọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Lukman n'Ibafo kó tó mú àpótí kékeré kan, ọlọ́pọlọ mẹ́rin, tí kì í jẹ iná. Ó ti rà á. Ó wà nínú páálí rẹ̀ lórí fìríìjì.

Èwo wá ni ti Bọ̀dá? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, ẹnjiníà sì ni. Nínú ẹbí yẹn, kò sẹ́ni tó ń já Bọ̀dá níyàn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Òun náà ló gbé èyí tó ń kú lọ yìí fún wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Alágbára ni lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà. Lọ́jọ́ kan tí kò síná, ó fa ìnfátà gbẹ níbi tí fídíò ti ń wọlé lọ́wọ́. Háàdì tí fídíò wà nínú rẹ̀ bàjẹ́, ọgbọ̀n fídíò sì bá a lọ. Nígbà tí Kúlúsúmù aládùúgbò wọn wá béèrè fídíò ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, Morádéyọ̀ kò rí nǹkan kan fún un. Kúlúsúmù kò bínú. Ó ní, "Kò burú, Àǹtí," ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó lọ. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára Morádéyọ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná."

Kò síná lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orí ìnfátà ni wọ́n wà. Ó ki mítà kékeré tó ń wọn iná, tí Lukman yá a, sójú iná, ó so àpótí Bọ̀dá mọ́ ọn. Nọ́ńbà rẹ̀ gòkè títí, ó dúró lórí àádọ́fà.

"Wáàtì àádọ́fà, ó sì jókòó lásán ni. Tèmi ò ju méjìdínlógún lọ. Ojú mi ni Lukman ṣe wọ̀n ọ́n."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Lukman tó ń ta ṣájà létí títì ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi? Mẹ́rìndínlógún àti mẹ́rin, èwo ló pọ̀ jù?"

"Mẹ́rìndínlógún ni, sà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe? Láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń gé fídíò. Ti sáfà ò ju kó gbà á, kó tọ́jú ẹ̀, kó má kú. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

"Iná ló ba fídíò ẹ jẹ́ nígbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ mi."

"Bọ̀dá, Mowe là ń gbé. Ẹ̀rọ tí ò bá mọ̀ pé Mowe lòun wà, kò lè gbé ilé mi."

Bọ̀dá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣọlá, ṣé ò ń gbọ́ ìyàwó ẹ?"

Ṣọlá, tó ti ń tẹ fóònù látàárọ̀ bí ẹni pé kò sí nílé, dìde, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. "Gbà á ná, jàre," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kúnlẹ̀, kó o dúpẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ, a ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ọgbọ́n ilé nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá kì í ṣe ẹni tí í fúnni ní nǹkan kó gbàgbé. Oṣooṣù ni yóò máa wá wò ó.

"Bá a ṣe ṣe tìjọ́sí náà nìyẹn, Dádì Ìbùkún," ni Morádéyọ̀ fèsì. "A gbà á, a dúpẹ́, ojú ń tì wá láti yọ ọ́ kúrò, títí ohùn ìyá Kúlúsúmù fi bá a lọ. Mi ò ṣe irú ẹ̀ mọ́."

Ó padà sí pálọ̀. Ó yọ àpótí náà lójú iná, ó gbé e. Ó wúwo. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú Bọ̀dá, ó sì nà án sí i tọwọ́tọwọ́.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò gbà á."

Ká ní Morádéyọ̀ dúró lóòró ni, Bọ̀dá ì bá pè é ní aláfojúdi. Èyí tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ńkọ́, kí ni ká ti pè é? Morádéyọ̀ kò gbé ẹrù náà sílẹ̀. Bọ̀dá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde, wọ́n sì gbọ́ tó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé gbàà.

Morádéyọ̀ dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó lọ mú páálí orí fìríìjì.

"Kí Bọ̀dá tó dé títì, wọ́n á ti pe Màámi ní Ìfọ̀," ni Ṣọlá wí. "Kí ni ká sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà."

Ó na súkúrù-dẹ́ráfà sí i. Ṣọlá gbà á, ó sì lọ tú ìdérí sáfà.