Láti Ìwáṣẹ̀ Dé Ìlọrin

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Nusaybah lè jókòó jẹ́ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Màlété yẹ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àpáta wò, tí wọ́n sì ní ó yege. Nígbà tó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìlọrin, ńṣe lẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ṣáá.

Ìyá àgbà tó jókòó tì í, tí wọ́n ń pè ní Asabe, wò ó títí.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n fún ẹ jẹ?"

"Ẹ̀kọ́ mi ni mo parí, Màmá. Bí ilé ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́."

"Súbúhánáláhì! Ó ti tó ìgbà wo?"

Bílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ọdún ló wà lẹ́nu Nusaybah, àmọ́ ó gbé e mì. Ta ló lè fojú inú rí irú iye bẹ́ẹ̀? Ó nawọ́ sójú fèrèsé.

"Ẹ jẹ́ ká ní ibi tí a ti wọkọ̀ yìí ni ayé ti bẹ̀rẹ̀, kí gáréèjì Ìlọrin jẹ́ òní. Ní báyìí, iná ni gbogbo ilẹ̀ yìí, Màmá. Àpáta ń yọ́ bí òrí inú oòrùn."

Asabe ké sí awakọ̀. "Gàní, rọra o! Inú iná la wà!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tún wo fóònù rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀ sí i, Nusaybah ní òjò ti rọ̀, òkun ti kún, ohun ẹlẹ́mìí àkọ́kọ́ sì ti yọjú nínú omi.

"Ẹja ni?" Nathan ló béèrè, ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ, tó jókòó níwájú.

"Rárá, sà. Ohun tíntìntín tójú ò lè rí ni. Nígbà tí wọ́n wá pọ̀, wọ́n dà bíi nǹkan yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara kànga."

Wọ́n kọjá oko ẹ̀gẹ́.

"Tísà, kí ló kàn?" ni èrò kan béèrè.

"Yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ náà ni."

Wọ́n kọjá abúlé kan, wọ́n kọjá òmíràn, yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ náà ni. Kí wọ́n tó dé Ṣàó, wọn ò dúró de Nusaybah mọ́, gbogbo ọkọ̀ ló jọ ń pariwo, "Yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀!" Àwọn tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì lanu sílẹ̀ wò wọ́n.

Ṣàó ló yẹ kí Asabe ti sọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó tún fà á padà.

"Gàní, máa lọ. Mo fẹ́ rí ẹja ná."

Ààfáà Wàhábì tó wà lẹ́yìn, tí kò tíì sọ nǹkan kan, gbọ́wọ́ sókè. Nusaybah rò pé ó fẹ́ bá òun wí ni.

"Ọlọ́run nìkan ló mọ bí ọjọ́ tiẹ̀ ṣe gùn tó," ni Ààfáà wí. "Àmọ́, ọmọ yìí, ṣé ẹja ò ní jáde kí n tó délé ni?"

Ìgbà tí wọ́n wọ ìgboro ni ẹja tó dé. Ariwo sọ! Láti ibẹ̀, eré ni ohun gbogbo ń sá. Ẹja kan wọ́ gun orí ilẹ̀, kòkòrò ń fò, igbó dí. Dáínósọ̀ dé, àwọn ẹranko tí òmíràn nínú wọn ga ju ilé alájà lọ. Wọ́n ń jẹ̀ lọ ni òkúta ràbàtà kan já láti ojú sánmọ̀.

Nathan di orí mú. "Gbogbo wọn ló kú?"

"Àwọn kan yè bọ́, sà. Àtọmọdọ́mọ wọn ni adìyẹ tí ẹ dè sábẹ́ ìjókòó yẹn."

Nathan wo adìyẹ rẹ̀. Adìyẹ náà wò ó.

"Ẹ kú ewu," ló wí fún un.

Wọ́n rín in títí wọ́n fi wọ gáréèjì. Gàní tẹ bíréèkì, ó yíjú padà. "Àwa èèyàn wá dà?"

"Ẹ sún síwájú díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀ báyìí."

Gàní rọra jẹ́ kí ọkọ̀ yí.

"Ó tó! Gbogbo èèyàn tó tíì gbé ilé ayé rí, inú ìwọ̀nba ibi tí táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kọjá yìí ni wọ́n ti gbé e."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Lójijì ni Asabe pàtẹ́wọ́, "Àlíhàmúdùlílàhì, a dé!", ni wọ́n bá ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń kí ara wọn kú oríire bí ẹni tó bímọ.

Ọlọ́kadà kan ló gbé Asabe padà sí Ṣàó. Kó tó tan ọ̀kadà ni Asabe gbá a lẹ́yìn.

"Ìwọ, ṣó o mọ ọjọ́ orí ilẹ̀ tó o dúró lé yìí?"

Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. "Màmá, ẹ dákun, mi ò sí nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kankan o!"

Nusaybah fara ti bọ́ọ̀sì, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí.